Ẹsẹ̀ Tábìlì 120: Bí A Ṣe Ń Fi Ayùn Oníná Gé Igi Tí Gbogbo Rẹ̀ Yóò Fi Dọ́gba

Ẹni tí ó bá ti jókòó sídìí tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba rí kò ní béèrè ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá sójú ìwé ìròyìn.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni wọ́n já tábìlì tuntun 30 sílẹ̀ ní ilé-ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà. Orí ni àwọn ọmọ fi rù wọ́n wọlé, tijó tayọ̀ ni. Owó àwọn òbí ni a fi ṣe àwọn tábìlì náà. Ìyá tó ń ta iṣu wà nínú wọn, ìyá aláta wà nínú wọn, bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe náà dá tirẹ̀. Ó gbà wá ní odindi sáà méjì kí owó náà tó pé, èmi ni wọ́n sì fi ṣe akápò. A ti san ìdá méjì nínú mẹ́ta fún káfíńtà, ìdá kan tó kù di ìgbà tí iṣẹ́ bá wọlé.

Káfíńtà yìí kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe olè. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kò tíì ju ọdún mẹ́ta lọ tí ó gba fúrídọ́ọ̀mù. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ayùn oníná tí à ń fi ọwọ́ mú, èyí tí ojú rẹ̀ róbótó bí àwo tí ó sì ń yí bírí-bírí; owó èésú ni ó sì fi rà á. Ìrókò gidi ni ó fi ṣe ẹsẹ̀ tábìlì, puláíwúùdù tó nípọn dáadáa ni ó fi ṣe ojú rẹ̀. Kò fi igi tí kòkòrò ti jẹ rẹ́ wa jẹ. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ ṣe jókòó ní ọjọ́ Ajé báyìí, ariwo kan bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì: kó, kó, kó, kó. Gbogbo tábìlì ni ó ń mì. Bí ọmọ kan bá fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́ lápá ọ̀tún, ìwé ọmọ kejì a gbọ̀n lápá òsì. Kí agogo oúnjẹ tó lù, ìdajì àwọn ọmọ náà ti ya bébà inú ìwé wọn, wọ́n ti ká a sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì.

Èyí tó burú jù ni pé nígbà tí a tò wọ́n ní ìlà láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n dà bí àtẹ̀gùn. Tábìlì àkọ́kọ́ ga ní íǹṣì 26, bí a ti sọ pé kí ó rí. Èyí tó kẹ́yìn fi íǹṣì 2 àti díẹ̀ ga jù ú lọ. Wọ́n ní iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Ní ìpàdé àwọn òbí, gbẹ́nugbẹ́nu kò níye. Ẹnì kan ní kí a má san kọ́bọ̀ mọ́. Òmíràn ní kí a mú káfíńtà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ìyá kan dìde, ó wo èmi akápò láti òkè délẹ̀, ó ní ṣé kì í ṣe pé Tíṣà àti káfíńtà jọ pín owó náà ni. Mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà, n kò lè jẹun.

Bàbá àgbà kan wà ní àdúgbò wa tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ pákó kí n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Àwọn ni mo lọ bẹ̀ pé kí wọ́n bá wa yẹ iṣẹ́ náà wò kí ọ̀rọ̀ tó di ti ọlọ́pàá. Bàbá wá, wọ́n da tábìlì mẹ́ta dé ilẹ̀, wọ́n fi tépù wọn ẹsẹ̀ wọn, wọn kò sọ nǹkan kan. Ìgbà tó yá ni wọ́n kọjú sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà.

“Kí ni o fi wọn ẹsẹ̀ kejì?”

“Àkọ́kọ́ ni, Bàbá. Mo gbé e lé orí igi, mo fi pẹ́ńsù fa ìlà, mo gé e.”

“Kí ni o fi wọn ẹ̀kẹta?”

“Èkejì ni mo fi wọ̀n ọ́n.”

“Èyí tó ṣe ọgọ́fà ńkọ́?”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà la ẹnu, kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣe ìṣirò náà. Tábìlì 30, ẹsẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, ó di ẹsẹ̀ 120. Bí a bá fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ igi kan, ìlà náà yóò yọ síta díẹ̀, ó lè tó ìdajì mìlímítà. Ẹni tó ń bẹ̀rù kí igi má kúrú a sì tún gé e sí ẹ̀yìn ìlà. Ìdajì mìlímítà kò tó nǹkan, ojú lásán kò tilẹ̀ lè rí i dáadáa. Ṣùgbọ́n bí èkejì bá fi ìdajì gùn ju àkọ́kọ́ lọ, tí ẹ̀kẹta sì fi ìdajì gùn ju èkejì lọ, nígbà tí a bá fi máa ṣe é ní ìgbà 119, ó ti di mìlímítà 60 ó dín díẹ̀, èyí tí ó ju íǹṣì 2 lọ. Ẹsẹ̀ mẹ́rin tí ó gé tẹ̀ lé ara wọn ni ó kàn mọ́ tábìlì kan. Ìdí nìyẹn tí tábìlì kọ̀ọ̀kan fi ń mì díẹ̀, tí gbogbo wọn sì fi ń gòkè bí àtẹ̀gùn. Ayùn kò ṣẹ̀, igi kò ṣẹ̀, kò sì sí ẹni tó jalè.

Bàbá ní kí àwa méjèèjì wá sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ní ọjọ́ kejì. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ ròyìn, nítorí pé ẹ̀yin tí ẹ ń gbé iṣẹ́ fún káfíńtà, yálà ẹ̀rọ̀ ìtajà ni tàbí kọ́bọ́ọ̀dù ìwé, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tó ń lọ kí ẹ tó pariwo.

Ohun àkọ́kọ́ tí Bàbá sọ ni pé wọn kì í wọn nǹkan lẹ́ẹ̀mejì bí wọ́n bá fẹ́ kí ó dọ́gba. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí ohun tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré ni pé kí káfíńtà wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gé e lẹ́ẹ̀kan. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni fún igi kan ṣoṣo. Bí igi bá ti di mẹ́wàá, wíwọ̀n gan-an ni àṣìṣe ń bá wọlé. Wọ́n ní kí a wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan péré, kí a sọ ìwọ̀n náà di igi, kí igi náà máa wọn gbogbo èyí tó kù fún wa.

Báyìí ni wọ́n ṣe é. Wọ́n kan pákó gígùn kan tó tọ́ mọ́ ẹ̀yìn tábìlì iṣẹ́ wọn, òun ni gbogbo ẹsẹ̀ tábìlì yóò máa fi ẹ̀yìn tì. Ayùn ní ọ̀nà tí wọ́n là fún un, tí kò lè yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Láti ibi tí eyín ayùn ti ń jẹ igi, wọ́n wọn íǹṣì 26 sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sì kan igi kékeré kan mọ́ ibẹ̀ pinpin. Igi ìdádúró ni wọ́n ń pè é. Wọ́n kọ́kọ́ gé orí igi ìrókò kan kí ó lè gún, wọ́n wá ti orí tí wọ́n gé yìí títí ó fi kan igi ìdádúró, wọ́n tẹ ayùn, wọ́n gé e. Wọ́n mú òmíràn, wọ́n tì í kàn án, wọ́n gé e. Wọ́n gé mẹ́jọ láàárín ìgbà tí mo fi mu omi tán. Nígbà tí wọ́n to mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dúró sórí tábìlì, mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa orí wọn, ó dà bí ẹni pé igi kan ṣoṣo ni mo ń pa. Kò sí pẹ́ńsù, kò sí tépù.

Mo wo igi ìdádúró yẹn dáadáa, mo rí i pé wọ́n ti bẹ́ igun rẹ̀ nísàlẹ̀ kúrò. Mo béèrè ìdí rẹ̀. Bàbá ní, “Tíṣà, ẹ jẹ́ gbé ojú sílẹ̀.” Wọ́n fi ìka gbá lẹ́búlẹ́bú pákó tó ti kó jọ sídìí igi náà. Wọ́n ní bí igun yẹn kò bá sí, lẹ́búlẹ́bú yóò há sí àárín igi méjèèjì, ẹni tó ń gé e kò ní mọ̀, igi yóò sì máa kúrú sí i bí ó ṣe ń gé e lọ. Ibi tí wọ́n bẹ́ yẹn ni ilé tí wọ́n kọ́ fún lẹ́búlẹ́bú. Mo ti lọ sí ilé-ìwé gíga, mo ti gba ìwé ẹ̀rí méjì, n kò bá má ronú kàn án títí láé.

Ẹsẹ̀ tábìlì nìyẹn. Ti ojú tábìlì tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ayùn ti ń rìn jìnnà.

Puláíwúùdù tí à ń rà lọ́jà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, ìyẹn íǹṣì 96 sí 48. Ọ̀rẹ́ wa ti rò ó pé òun yóò la ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta ní gígùn, íǹṣì 16 mẹ́ta ni 48, kí òun sì dá ìkọ̀ọ̀kan sí méjì. Tábìlì mẹ́fà nínú puláíwúùdù kan, márùn-ún yóò sì tó fún 30. Ìṣirò náà dára lórí bébà. Ṣùgbọ́n ìkẹta ń kéré ju àwọn méjì yòókù lọ nígbà gbogbo, ó sì ti ń bú ilé-iṣẹ́ tó ṣe puláíwúùdù náà pé wọ́n ń rẹ́ ènìyàn jẹ. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ayùn rẹ kò ha ń jẹun ni?” Ayùn a máa jẹ igi. Ibi tí ó bá gbà kọjá ti di lẹ́búlẹ́bú, kò sí lára ti ọ̀tún, kò sí lára ti òsì. Ti ọ̀rẹ́ wa ń jẹ tó mìlímítà 3, ìyẹn 1/8 íǹṣì. Ẹni tó la pákó sí mẹ́ta lo ayùn lẹ́ẹ̀mejì, ayùn sì ti jẹ 1/4 íǹṣì. Nítorí náà, bí méjì bá jẹ́ 16, ìkẹta kò lè ju 15¾ lọ láéláé. Bàbá ní kí ó sọ gbogbo wọn di 15¾ láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò tilẹ̀ tún rí ìdajì íǹṣì fi tún etí rẹ̀ ṣe.

Báwo ni ayùn yóò ṣe rìn ní ẹsẹ̀ bàtà 8 láìwọ́? Àwọn òyìnbó ti ṣe ayùn kan tó ní ojú irin tirẹ̀ bí ọkọ̀ rélùwéè. Ilé-iṣẹ́ Festool ní Jámánì wà lára àwọn tó ń ṣe é, Makita ti Japan náà ń ṣe tirẹ̀. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gígùn kan ni a ó tẹ́ sórí pákó, ayùn yóò máa yọ̀ lórí rẹ̀, kò sì lè yà. Rọ́bà kan wà ní etí irin náà; ìgbà àkọ́kọ́ tí a bá lo ayùn lórí rẹ̀ ni ayùn yóò gé rọ́bà náà bá ara rẹ̀ mu, láti ìgbà náà lọ ibi tí rọ́bà parí sí ni ayùn yóò gé. Ohun tó dára ni, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe owó ọmọdé.

Bàbá kò ní i. Wọ́n ní tiwọn tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe, ọgbọ́n kan náà ló sì wà nínú rẹ̀. Mo rọ ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń ṣe káfíńtà pé kí ẹ kà á fún wọn dáadáa. Wọ́n mú puláíwúùdù fẹ́lẹ́, èyí tó nípọn tó 1/4 íǹṣì, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8 tó sì fẹ̀ tó íǹṣì 12. Wọ́n mú òmíràn tó nípọn díẹ̀, tó fẹ̀ ní íǹṣì 3 tàbí 4, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn èyí tó fẹ̀ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù, wọ́n sì fi ìṣó kéékèèké dè é. Etí tí ó ti ilé-iṣẹ́ wá ni wọ́n jẹ́ kí ó kọjú síta, nítorí pé òun ló sábà máa ń tọ́ jù. Wọ́n gbé ayùn lé e, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ bàtà ayùn, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tó fi ń tẹlẹ̀, ti etí náà, wọ́n sì gé e láti òkè dé ìsàlẹ̀. Puláíwúùdù fẹ́lẹ́ tó yọ síta gé kúrò, ohun tó kù sì parí síbi tí eyín ayùn parí sí gẹ́lẹ́. Láti ọjọ́ náà lọ, ibi tí wọ́n bá fi etí igi atọ́nà yìí lé, ibẹ̀ ni ayùn yóò gé. Kò sí pé à ń yọ ìwọ̀n bàtà ayùn kúrò nínú ìṣirò, kò sí pé à ń fi ojú dá a. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n kìlọ̀: ayùn kan, igi atọ́nà kan. Bí a bá gbé ayùn ẹlòmíràn sí i, tàbí a fi eyín ayùn tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé igi atọ́nà fúnra rẹ̀ tọ́? Bàbá fi í sórí pákó, wọ́n fi pẹ́ńsù fa ìlà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n yí i dé, kí etí kan náà lè bọ́ sórí ìlà náà láti ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n tún fa ìlà mìíràn. Ìlà méjèèjì wọ inú ara wọn. Bí ó bá jẹ́ pé igi náà tẹ̀, ìlà méjèèjì ì bá pínyà ní àárín bí ẹnu ẹja, àyè àárín wọn ì bá sì jẹ́ ìlọ́po méjì títẹ̀ náà, èyí tí ojú yóò fi rí i. Báyìí náà ni wọ́n ṣe ń dán súkúẹ̀ wò: fa ìlà kan, yí i padà, fa èkejì. Mo lọ dán súkúẹ̀ ilé-ìwé wa wò nígbà tí mo padà, ó ti wọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń fi í ya igun fún àwọn ọmọ.

Láti la puláíwúùdù, Bàbá tún gé igi ìwọ̀n méjì tó dọ́gba, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹnu kékeré tó ń kọ́ etí pákó. Wọ́n fi ọ̀kan kọ́ ìbẹ̀rẹ̀, èkejì kọ́ òpin, wọ́n ti igi atọ́nà títí ó fi kàn wọ́n méjèèjì, wọ́n fi kíláǹpù dè é, wọ́n yọ igi ìwọ̀n kúrò, wọ́n sì gé e. Igi ìwọ̀n náà kì í ṣe 15¾ o. 15⅞ ni, nítorí pé ayùn yóò jẹ 1/8 nínú rẹ̀. Àwọn fúnra wọn kò tilẹ̀ ṣe ìṣirò yẹn. Wọ́n gé pákó tí kò wúlò kan wò, wọ́n wọ̀n ọ́n, ó gùn díẹ̀, wọ́n fá orí igi ìwọ̀n, wọ́n tún gé e wò títí ó fi pé. Nígbà tí ó ku ìkẹta, tí kò sí pákó mọ́ tí igi atọ́nà yóò sùn lé, wọ́n gbé pákó mìíràn tó nípọn bákan náà tì í lẹ́yìn.

Àwọn nǹkan kéékèèké mìíràn wà tí mo rí. Ojú tó dára lára puláíwúùdù ni wọ́n ń dà délẹ̀, nítorí pé eyín ayùn yìí ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ sókè, òkè ni ó sì ti ń fa ara igi ya. Wọn kò jẹ́ kí ayùn yọ ju 1/4 íǹṣì lọ nísàlẹ̀ pákó. Eyín 24 ni ti pákó tí à ń fi kọ́ òrùlé, kíákíá ló ń gé, ṣùgbọ́n ó ń ha á. Fún puláíwúùdù, èyí tí eyín rẹ̀ tó 40 sí 60 ni wọ́n ń fi sí i.

Ibi tí Bàbá ti pẹ́ jù ni ti ewu. Wọ́n na ọwọ́ òsì wọn sí mi, mo sì rí i pé àtàǹpàkò wọn kò ní èékánná, ó parí sí oríkèé. Wọ́n ní ayùn oníná ní irin ìbòjú kan nísàlẹ̀ tí ń padà bo eyín rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí a bá ti gé igi tán. Ní ọjọ́ tí wọ́n fi wáyà so tiwọn sókè nítorí pé ó ń dí wọn lọ́wọ́, ọjọ́ náà ni. Ọmọ iṣẹ́ wọn ló rí ìka náà nínú lẹ́búlẹ́bú. Wọ́n bojú wo ọ̀rẹ́ wa, ọ̀rẹ́ wa sì wolẹ̀, nítorí pé wáyà wà lára tirẹ̀ pẹ̀lú. Kí a tó kúrò níbẹ̀ ó ti já a.

Ayùn a tún máa fò sẹ́yìn. Bí pákó bá tẹ̀ ní àárín tí ojú ibi tí a gé sì pa dé, yóò di eyín ẹ̀yìn mú. Àwọn eyín wọ̀nyẹn ń yí lọ sísàlẹ̀, wọn yóò sì gbé odindi ayùn náà ju sí ẹni tó mú un lọ́wọ́, kí ó tó ṣẹ́jú. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi ń tẹ́ puláíwúùdù sórí igi mẹ́rin tàbí márùn-ún lórí ilẹ̀, kí apá méjèèjì lè ní ohun tó gbé e. Wọn kì í dúró sẹ́yìn ayùn gan-an, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń dúró sí. Wọ́n ń jẹ́ kí ó dákẹ́ yíyí kí wọ́n tó gbé e kúrò, wọ́n sì ń yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná kí wọ́n tó fọwọ́ kan eyín rẹ̀, nítorí pé iná ìlú wa, ẹ kò mọ ìgbà tí yóò dé. Wáyà tín-ín-rín gígùn láti ara jẹnẹrétọ̀ a máa sọ ayùn di aláìlágbára, yóò máa há. Awò ojú ṣe pàtàkì, kí a sì fi aṣọ bo imú bí igi bá jẹ́ ìrókò, nítorí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ a máa ta ọ̀pọ̀ ènìyàn nímú, a sì máa yún wọn lára.

Mo béèrè ibi tí irú ayùn báyìí ti wá. Bàbá ní àwọn kò mọ̀, ọ̀gá àwọn fi ayùn ọlọ́wọ́ kọ́ àwọn ni. Mo wádìí rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Edmond Michel, ní New Orleans ní Amẹ́ríkà, rí àwọn lébìrà tó ń fi àdá gé ìrèké lóko, iṣẹ́ náà ń dá wọn lágara, ó sì ń ronú bí òun ṣe lè fi mọ́tò kékeré sí ara àdá. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ayùn. Ní 1924, òun àti Joseph Sullivan dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Chicago, òun ló wá di ilé-iṣẹ́ Skil. Inú Bàbá dùn nígbà tí mo sọ fún wọn pé ọmọ àdá ni ayùn oníná.

Fún ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ káfíńtà, ẹ kò nílò láti mọ ayùn lò kí ẹ tó mọ iṣẹ́ tó gún. Ẹ mú okùn kan tí kì í fà. Ẹ na án láti igun kan dé igun tó dojú kọ ọ́ lára kọ́bọ́ọ̀dù tàbí ojú tábìlì, ẹ di í mú níbẹ̀, kí ẹ wá nà án sí igun méjì yòókù. Bí okùn bá kúrú tàbí tó gùn jù, igun rẹ̀ kò gún, ohun yòówù kí káfíńtà wí. Ti ìsọ̀ ńlá tàbí ògiri, ẹ wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 sí apá kan, 4 sí apá kejì. Láti òpin ọ̀kan dé òpin èkejì gbọ́dọ̀ jẹ́ 5. Àwọn ọmọ kíláàsì mi mọ ìyẹn dáadáa báyìí, ara tábìlì wọn ni mo fi kọ́ wọn.

Kí ni òpin tábìlì 30 wa? Nítorí pé ńṣe ni àwọn ẹsẹ̀ náà gùn jù, kò sí igi tó ṣòfò. Ká ní ńṣe ni wọ́n ń kúrú lọ ni, ẹkún ni ì bá kù. Ọ̀rẹ́ wa kó gbogbo wọn padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá. Wọ́n da ọ̀kọ̀ọ̀kan délẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú, wọ́n gbé igi kan tó ga ní íǹṣì 26 gẹ́lẹ́ dúró ti ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé pẹ́ńsù lé orí igi náà, wọ́n sàmì, wọ́n sì fi ayùn ọlọ́wọ́ gé èyí tó yọ. Wọ́n fi igi atọ́nà tún etí ojú tábìlì gé, gbogbo rẹ̀ wá di 15½. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó gbà wọ́n. Bàbá kò gba owó, wọ́n ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá máa gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù àwọn ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta fún oṣù mẹ́ta, ó sì ṣe é.

A san ìdá tó kù fún un níwájú gbogbo òbí. Ìyá tó ní èmi àti káfíńtà jọ pín owó kò sọ pé kí n má bínú, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo gbọ́ pé ó ti gbé iṣẹ́ pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó sì ní kí ó lọ fi igi ìdádúró gé e. Mi ò mọ ẹni tó kọ́ ọ ní orúkọ yẹn.

Kíláàsì dákẹ́ jẹ́jẹ́, àyàfi tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó ṣì ń mì. Mo ránṣẹ́ pe Bàbá, ojú sì ń tì mí. Wọ́n wá, wọ́n gbé tábìlì náà sún díẹ̀, ó dákẹ́. Wọ́n gbé e padà, ó mì. Wọ́n wo ilẹ̀ yàrá náà, wọ́n wò mí, wọ́n ní kí n lọ wá bíríkìlà.